Kì í Ṣe Ayọ̀díjí Ló Ba Bíréékì Yẹn Jẹ́

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ̀yin ará Inisa, ẹ̀yin ará Òkukù, ẹ fetí sí mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tíì pé ọdún méjì, ó sì ti rẹ̀ mí. Ara mi le o; kì í ṣe ikú ló ń lé mi. Èmi ni Adérógbà, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkìrun lójú ọ̀nà Inisa. Ẹ máa ń rí mi nínú aṣọ funfun lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sì máa ń pè mí ní àgbà ìjọ. Ẹ dúró ná, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àgbà ìjọ yín ṣe.

Olúwaṣíjibòmí, ọmọ Ìkìrun tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ra ọkọ̀ eré ìje kan, pupa, tó rẹlẹ̀ débi pé wọ́n ní láti fa àgbàlagbà jáde nínú rẹ̀. Ó ń gbé e lọ sí pápá tí àwọn èèyàn ti ń fi ọkọ̀ díje. Ó ní bí òun bá ń yí kọ́nà, ọkọ̀ náà máa ń gbọ̀n, bíréékì rẹ̀ sì máa ń rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó wá ra ṣọ́ọ̀kì líle, sípíríìngì kúkúrú, dísìkì ńlá, páàdì bíréékì tó lè fara da ooru, àti ọ́ìlì bíréékì tí ooru kì í tètè sè. Ó kó gbogbo rẹ̀ wá bá mi, nítorí èmi ni mo ń tún mọ́tò bàbá rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán." Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n mi ò mọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ eré ìje, mo bá ránṣẹ́ sí Ayọ̀díjí ní Inisa. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa, èmi ni mo ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Láti ọjọ́ tó dé ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Tí òun àti Ṣíjibòmí bá ń rẹ́rìn-ín tí mo bá yọ, wọ́n á dákẹ́. Tí fóònù rẹ̀ bá dún, á rìn lọ sí ìdí igi máńgòrò. Lọ́jọ́ kan ó kí mi "ẹ káàárọ̀" lẹ́ẹ̀mejì, mo bi ara mi pé kí ló ń fi ìkejì bò mọ́lẹ̀. Ìfura loògùn àgbà, mo ń tu ara mi nínú. Ẹ ò rí i pé èèyàn lè lo oògùn jù. Nígbà tí mo gbọ́ tí Ṣíjibòmí pè é ní "bọ̀dá mi", mo ti dá ẹjọ́ tán: ọkùnrin yìí fẹ́ gba oníbàárà mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló parí iṣẹ́. Ó ti da ọ́ìlì tuntun sí bíréékì, ó ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó ti de gbogbo nọ́ọ̀tì. Ó fọwọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń lọ kírun Jímọ̀, ẹ bá mi fojú sí i." Mo fojú sí i lóòótọ́. Agolo ọ́ìlì bíréékì àtijọ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kò ní ìdérí, omi òjò àti ìrì sì ti wọ inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló mọ̀ pé irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ á hó bí bíréékì bá gbóná, bíréékì á sì rì mọ́ni lẹ́sẹ̀. Mo fa tuntun jáde, mo da àtijọ́ sí i, mo de nọ́ọ̀tì padà. Mo ní bíréékì á kàn rọ̀ díẹ̀, Ṣíjibòmí á bínú, á sì rí i pé ọwọ́ tí òun ń yìn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ní òfin kan: ẹni tó bá ṣe bíréékì ni yóò jókòó ti awakọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dán an wò. Mo mọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Nígbà tí Ṣíjibòmí pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé sẹ́yìn ká jọ lọ," mo ní orúnkún ń dùn mí. Orúnkún wo? Bó bá jẹ́ ohun kékeré ni lójú mi, kí ló dé tí mi ò wọ ọkọ̀ náà?

Nígbà tí Ayọ̀díjí ti kírun dé, òun àti Ṣíjibòmí gba Inisa kọjá, wọ́n ń lọ sí Òkukù. Páàdì tuntun, àfi kéèyàn sáré kó sì tẹ bíréékì gidi léraléra kó tó mú dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, bíréékì sì gbóná. Kí wọ́n tó wọ Òkukù, bọ́ọ̀sì kan dúró lójú títì, àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù sí i. Ṣíjibòmí tẹ bíréékì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé ilẹ̀, ọkọ̀ kò dúró. Ó yà fún wọn, ó wọ igbó, ó fi imú ọkọ̀ sọ igi. Kò sẹ́ni tó kú. Ọlọ́run ló ni ọpẹ́, kì í ṣe èmi. Gíláàsì ya Ayọ̀díjí lójú. Ìbàdí Ṣíjibòmí fọ́, títí dòní ó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọsibítù, ó ní, "Bọ̀dá Díjí ti ní kí n máa gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ òun tààrà, pé ẹ̀yin ti ń dàgbà. Ẹ ò rí nǹkan!" Ẹ gbọ́ o: inú mi dùn. Ọmọ èèyàn dùbúlẹ̀ níwájú mi tí kò lè yí padà, inú mi ń dùn pé ìfura mi jóòótọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Wọ́n fa ọkọ̀ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ayọ̀díjí wá pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣìṣe." Kò fura sí mi rárá. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo mú sípánà, mo tú nọ́ọ̀tì ibi tí a ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde, èyí tó le koko, títí ọ́ìlì fi ń kán. Mo wá pè é: "Wá fọwọ́ kàn án." Ó nawọ́, nọ́ọ̀tì náà yí lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó jókòó sínú eruku. Ó ní, "Èmi ni? Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀?" Mo gbọ́wọ́ lé e léjìká, mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àbúrò. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n pe ọlọ́pàá." Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ẹ̀yin èèyàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Kò pẹ́ tí gbogbo mẹkáníìkì ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì náà, ta ni ì bá sì sọ ọ́ bí kò ṣe èmi. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ lọ bá a mọ́. Òun náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ tà, ó lọ ń roko ní ilẹ̀ ìyá rẹ̀ l'Ókukù.

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, Rọ́fíàt ìyàwó rẹ̀ gbé iṣu wá, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí ọlọ́pàá mú ọkọ mi. Kì í sùn dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dárúkọ yín, ara rẹ̀ á balẹ̀." Mi ò lè jẹ iṣu náà. Ojú tì mí dé egungun. Mo lọ sí Òkukù, mo bá a lóko, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Nọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́?" Mo ní, "O dè é le koko. Èmi ni mo tú u." Ó bo ojú, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè sọ pé mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ọ́ ní Ìkìrun, ẹ sọ ọ́ ní Inisa, ẹ sọ ọ́ níbí, bí ẹ ṣe sọ ti àkọ́kọ́." Mo pe Ṣíjibòmí náà, ó ní kí n máa dúró de lọ́yà òun. Mo ń dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tí ẹ ń fura sí lè jẹ̀bi lóòótọ́, kí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe é má sì tọ́ sí i. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ayọ̀díjí ti padà sí Inisa. Mo kó irinṣẹ́ tèmi fún un, ó gbà á, kò wò mí lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ bá a. Bó bá ṣe bíréékì yín tán, ẹ má bẹ̀rù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Yóò mú.