Ṣíbí Tí Mo Rí Nínú Sàárè Sójà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pé ọdún méje tí mo ti ń dá gbé ọ̀rọ̀ yìí. Torí ìyá mi ni mo ṣe dákẹ́, wọ́n sì kú lóṣù tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Bíríkìlà ni mí, ní Raji Rasaki Estate. Lọ́dún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdílé onílẹ̀ kan ní Àmúwò ní kí n mọ òkúta ìrántí sínú itẹ́ òkú wọn. Sójà mẹ́rin tó kú nígbà ogun abẹ́lé, tí wọ́n gbé òkú wọn wá láti ojú ogun, ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi, Adé, lọ sógun yẹn, kò padà. Nígbà tí Màámi gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, wọ́n tẹ̀ lé mi lọ. Wọ́n gbọ́wọ́ lé sàárè tó wà lápá ọ̀tún. "Súnkànmí, ibí ni Adé wà. Ara mi sọ fún mi." Mi ò lè bá wọn jiyàn.

Bí mo ṣe ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ létí sàárè yẹn gan-an, ṣọ́bìrì mi kan ṣíbí irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Wọ́n fi ọ̀bẹ họ orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú sí i. Kì í ṣe orúkọ Adé. Ìlú náà jìnnà sí Èkó.

Bàbá onílẹ̀ tó gbéṣẹ́ fún mi dé. "Ṣé o rí nǹkan kan níbẹ̀?"

"Rárá o, bàbá. Erùpẹ̀ lásán ni."

Ṣíbí ti wà nínú àpò mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dán òkúta yẹn títí ó fi ń kọ mànà. Títí dòní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, orí mi máa ń wú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta náà, Màámi wọ aṣọ funfun, wọ́n gbórí sókè bí ìyá ọ̀gágun. "Ọmọ mi ò sá lójú ogun," ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé. Bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn ní Festac títí wọ́n fi kú.

Mi ò lè purọ́ pé ayọ̀ yẹn dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo fi sójà ẹlòmíì rà á.

Mo fẹ́ lọ sí ìlú tó wà lára ṣíbí yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, tí àwọn ará ilé sójà náà bá ṣílẹ̀kùn fún mi, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?