Èmi Ni Mo Ní Kó Gbé Owó Kékeré Kalẹ̀

Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ yéé wojú ara yín bí olè mẹ́rin tí ọwọ́ wọn pàdé nínú àpò kan. Ẹ̀sùn ojóró tí ẹ fi kan káfíńtà tá a jọ ń ta káàdì, irọ́ ni. Dókítà ní ọkàn mi ò ní í gbé mi dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òótọ́ ọ̀hún sì wúwo nínú mi ju ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá lọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Télọ̀, ọkọ àbúrò mi, jókòó. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ẹ ní pókà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì yẹn? Mo ní, "Àna mi, bí káàdì ẹ bá dáa, owó kékeré ni kó o máa gbé kalẹ̀, kí wọ́n má baà sá." O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." O tún dúpẹ́! Ẹ wo èmi aláìnítìjú. Mo mọ̀ pé ẹni tí káàdì ẹ̀ le, owó ńlá ló yẹ kó gbé kalẹ̀ kíákíá, kí ẹni tó ń retí káàdì kan ṣoṣo sá, tàbí kó san owó tó máa dùn ún dé egungun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ, a ń fura síra wa débi pé bí ẹnì kan bá sín, àwọn yòókù á bo káàdì mọ́ àyà. Káfíńtà ló ń pín in. Ìwọ di káàdì ọba mẹ́ta mú; òógùn imú ẹ ló tú ẹ fó, ó ń ṣàn bí odò. Èmi ní káàdì alámì ọkàn mẹ́rin, ó ku ọlọ́kàn ẹyọ kan kó pé márùn-ún, kí n borí ọba mẹ́ta ẹ. Ká ní o gbé owó ńlá kalẹ̀ ni, ǹ bá ti sá dé òkè òkun. Kékeré lo gbé kalẹ̀. Mo fẹ̀rín san án. Káfíńtà ṣí káàdì tó kàn: ọlọ́kàn! Ìgbà yẹn lo wá rántí owó ńlá, o fi máṣíìnì ìránṣọ ẹ lé e. Mo kó gbogbo ẹ̀.

O fò mọ́ káfíńtà: "Apá ẹ̀wù ẹ lo ti yọ káàdì yẹn, ọ̀rẹ́ burúkú!" Káfíńtà yíjú sí mi, omi ti dé ojú ẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ẹ̀yin lẹ rí ọwọ́ mi." Èmi, ẹlẹ́nu bíi ti rédíò, mo kàn ní, "Ọwọ́ ẹ ti yá jù, àbúrò." Gbólóhùn yẹn ló lé e kúrò ládùúgbò.

Télọ̀, forí jì mí. Máṣíìnì ẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Ṣùgbọ́n má tíì gbé e. Lọ wá káfíńtà ọ̀rẹ́ ẹ rí, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbé e jáde níṣojú mi. Má wò mí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣí aṣọ ìbora yìí kó o wò ó: mi ò di nǹkan kan mú.