Àmì tí Mo Fi Sórí Ẹ̀wù Irin

Àná ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọkọ̀ lọ síbi jíjìn tó ti ríṣẹ́. Òwúrọ̀ òní ni lẹ́tà àwọn òǹtẹ̀wé dé. Wọ́n á tẹ eré ogun orí tábìlì tí a ṣe. Wọ́n ní òfin ẹ̀wù irin ló wù wọ́n jù, wọ́n sì yìn mí fún ọpọlọ pípé. Mo kà á tán, ojú tì mí. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò wa la ti ń ṣeré náà, lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé ni igbó wa, bọ́tìnì ni àwọn jagunjagun. A ó ju dáìsì méjì. Iye tó bá yọ ni ọgbẹ́ tí ọ̀tá gbà. Òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná yẹn kò tíì kúrò nímú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni Dúró-má-yẹ̀, bọ́tìnì idẹ tó ti fi ọdún mẹ́ta tọ́ dàgbà. Tèmi jẹ́ tafàtafà obìnrin, irú èyí tí mo ń rí nínú ìwé ìtàn tí mo ń yá kà. Ó kàn ń kú ṣáá ni. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Àbúrò, ta á sí ògiri, bóyá ìyẹn á wọlé."

Lọ́jọ́ kan ó kọ òfin tuntun sínú ìwé wa: "Bi ogbe ba ju mefa lo, ewu a bo o." Kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ẹ̀wù irin tí Dúró-má-yẹ̀ wọ̀ á bò ó, ọgbẹ́ ńlá kò ní ràn án. Télọ̀ figbe ta: "Ẹni tó wọ irin ò wá ní kú mọ́? Kí la wá jókòó tì?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ pọnmi, mo mú bíró. Èmi nìkan ló mọ àmì í fi sí láàárín wa. Mo fi àmì kékeré kan sábẹ́ "o" inú "bo", mo fa ìlà kan sórí rẹ̀: ẹ̀wù á bọ́ o. Ìwé tí mo kọ́ ara mi, iṣẹ́ tí mo fi rán an nìyẹn!

Nígbà tó dé, mo tafà sí Dúró-má-yẹ̀, mẹ́wàá yọ. "Ẹ̀wù bò ó!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Mo ṣíwèé. "Ẹ̀wù á bọ́ o," ni mo kà sókè, ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni Dúró-má-yẹ̀ kú. Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀wù tó bọ́, ẹ má gbé e wá fún mi tún rán o!" Ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé náà títí. "Ọwọ́ mi ló pa á," ó ní. "Mi ò kúkú mọ̀wé kọ." Ó gbà pé ohun tí òun kọ gan-an ni mo kàn fi àmì sí. Ó fi bọ́tìnì náà sápò, kò bá wa jókòó mọ́ láti ọjọ́ náà. Èyí tó burú jù ni pé eré náà wá dùn sí i: irin lágbára, ó sì lópin. Mo fi í ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé ní orúkọ èmi nìkan.

Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọwọ́ yín, ọwọ́ mi ni. Ẹ forí jì mí. Mo ti kọ̀wé sí àwọn òǹtẹ̀wé: orúkọ yín ni yóò ṣíwájú tèmi, ohun tí mo ṣe sí òfin yín yóò sì wà lójú ewé kìíní. Tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n dá eré wa padà.