Ta Ló Kọ́kọ́ Kọ́ Yín Ní Ìwé Kíkà?

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ló fún mi lẹ́nu, ẹnu náà ni mo fi wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, mo sì fẹ́ kà á fúnra mi. Tí ẹ bá rí i pé mo dúró níbì kan, ẹ fi mí sílẹ̀. Màá tún bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú yín mọ̀ mí. Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Èbúté Èrò, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni mò ń gbé. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, òun ló ń sọ ti àwa méjèèjì. Tíṣà ni. Mo ti dàgbà, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, kí n tó mọ ìwé kà, òun ló sì kọ́ mi, lórí tábìlì tí a fi ń jẹun. Ọlọ́run pè é lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi ni Tóyìn.

Lẹ́yìn náà ni sítírókù dé. Mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Ní ọsibítù, ọwọ́ padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ padà bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò padà. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó wà lórí mi bí ẹ̀wà ṣe ń wà nínú àpò, ẹnu àpò ni mi ò rí tú. Tí mo bá sì tú u, nǹkan mìíràn ló ń jáde. Mo fẹ́ omi, mo ní "àga". Nọ́ọ̀sì gbé àga wá. Mo jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú òùngbẹ mi.

Ìyẹn ṣeé fara dà. Ti Tóyìn ni mi ò lè fara dà. Ó ti rí ọkọ, ẹbí méjèèjì ti pàdé, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Nílé tiwa, kí ìyàwó tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò kúnlẹ̀ nínú pálọ̀, bàbá àti ìyá rẹ̀ yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, wọn yóò sì súre fún un. Ìyá ò sí mọ́. Ẹnu tèmi nìkan ló kù fún ọmọ náà.

Àbúrò mi, Dàpọ̀, wá bá mi. Ẹ mọ Dàpọ̀, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ṣáà gbé ọwọ́ lé e lórí, èmi á bá yín sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Rá..."

Ó ní, "Ráńpẹ́ ni kí n ṣe é. Mo ti gbọ́. Mi ò ní pẹ́ rárá."

Ó dìde, ó lọ. Èmi ò ti ì sọ tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú ọkàn ni mo ti gbàdúrà, nítorí ẹnu ò gbà. Mo ní, Olúwa, mi ò ní kí O sọ mí di oníwàásù. Ìre ọmọ yìí nìkan ni. Èmi ni kí n sú u.

Obìnrin tó ń tọ́jú àwa tí sítírókù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa ti sọ fún mi pé kí n máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó bá ní sùúrù. Níbo ni mo ti fẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ l'Ékòó? Oníbàárà ò lè dúró. Tóyìn ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láti ìdájí. Òun ló wá fi pọ́díkáàsì kan, ètò ọ̀rọ̀ bíi ti rédíò, sórí fóònù mi.

Ó ní, "Dádì, ẹ máa gbọ́ eléyìí tí mi ò bá sí nílé. Àwọn yìí kì í kánjú."

Òótọ́ ló sọ. Obìnrin kan ló ń ṣe ètò náà. Ó máa ń pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á jókòó, wọn á sọ̀rọ̀ títí ẹ̀wà á fi jinná lórí iná. Mo gbọ́ ti ẹni tó ń ṣèwádìí ìràwọ̀. Mo gbọ́ ti ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ nípa ikán. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yé mi. Ìbéèrè kan náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo wọn: ta ló kọ́kọ́ kọ́ yín ní ìwé kíkà? Tó bá ti béèrè, á dákẹ́. Tí àlejò bá ń wá ọ̀rọ̀, kì í bá a wá a. Ẹ máa gbọ́ tí fáànù yàrá wọn ń yí. Ìgbà tó bá yá, àlejò á sọ̀rọ̀, ó sì máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi.

Mo ní, kí obìnrin yìí bi èmi náà. Tó bá ti béèrè, màá tẹ fóònù kó dúró, kí ọ̀jọ̀gbọ́n má tíì dáhùn. Èmi ni màá kọ́kọ́ dáhùn, sókè. Tó bá bi onímọ̀ ikán pé kí ló ń bà á lẹ́rù, èmi náà á wá tèmi títí màá fi rí i. Nígbà míì, mi ò fara mọ́ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ. Mo sọ fún un pé, "Rárá, sà." Bí "rárá" ṣe padà wálé nìyẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mi ò lè dáhùn. Orúkọ ìyàwó mi ni ìdáhùn, kò sì jáde. Ìyá Tóyìn ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà kò jáde. Mo ń sọ "ikán", mo ń sọ "ìràwọ̀", mi ò lè pe ìyàwó mi. Mo ń gbìyànjú rẹ̀ láràárọ̀, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Alhaja tó ń gbé yàrá kejì ń gbọ́ wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó kanlẹ̀kùn, abọ́ mọ́ínmọ́ín méjì ló gbé dání.

"Bàbá Tóyìn, mo ní kí n má bu tiyín nìkan, kí àlejò yín má lọ sọ pé ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ò mọ àlejò tọ́jú. Ìgbà wo ni wọ́n ń lọ?"

Mo fi fóònù hàn án.

Ó wo fóònù, ó tún wò mí. "Ẹni tẹ́ ẹ ń bá jà láti ọjọ́ yìí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kì í jẹun?"

"Rárá."

Ó gbé abọ́ méjèèjì síwájú mi. "Ẹ jẹ tiẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń jà gbọ́dọ̀ jẹun."

Kí mọ́ínmọ́ín náà tó tán, ìròyìn àlejò mi ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà wá lé ẹ̀mí tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó síbí, mi ò ní nàka sí wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà tán kí n tó fi fóònù hàn wọ́n, nítorí mo nílò àdúrà náà. Ọlọ́run kò jẹ́ kó ṣòfò.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Pálọ̀ kún. Tóyìn kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, Dàpọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ọwọ́ lé ọmọ mi lórí, mo ya ẹnu. Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Mo tún ya á. Dàpọ̀ wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run Ọba, a dúpẹ́..."

Tóyìn kò gbé orí sókè. Ó ní, "Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́. Dádì ni mò ń dúró dè."

"Àlùfáà ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, Tóyìn. Aago ò dúró."

"Kí àlùfáà bá mi mú sùúrù, sà."

Lẹ́yìn náà ó rọra bi mí pé, "Dádì, ta ló kọ́kọ́ kọ́ yín ní ìwé kíkà?" Ó sì dákẹ́.

Mo gbọ́ tí fáànù wa ń yí. Kò sẹ́ni tó bá mi wá a.

Mo ní, "Morẹ́nikẹ́."

Bó ṣe jáde, àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tẹ̀ lé e. Mo ní, "Morẹ́nikẹ́ ló kọ́ mi. Ọmọ Morẹ́nikẹ́, Ọlọ́run tó fi ìyá rẹ ṣe mí lóore yóò ṣe ọ́ lóore. Ilé rẹ kò ní tú. Ọkọ rẹ yóò máa gbọ́ ọ dé òpin. Dìde, máa lọ ní àlàáfíà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaja ló kọ́kọ́ ṣe àmín, láti ẹnu ọ̀nà. Dàpọ̀ fẹ́ ṣe tiẹ̀, ẹkún kò jẹ́ kó rí i sọ.

Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ló tíì padà. Mo ṣì ń dá obìnrin yẹn lóhùn láràárọ̀, mi ò sì ní dẹ́kun. Ọlọ́run tó dúró dè mí ló ni ògo. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé orúkọ rẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pàdé mi ní Apọ́ngbọ̀n, tí ẹ rí i pé mò ń wá ọ̀rọ̀, ẹ má bá mi parí rẹ̀. Mò ń bọ̀.