Òrí Tó Yọ́ Lẹ́nu Ìbọn

Àsàlámù aláékùm. Mọ́gàjí wa, alága ìjókòó yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àáfáà, ẹ̀yin àgbà oníṣòwò Ìpàta, àti àlejò tó ti Òkè-Oyì wá, ẹ kú ìkàlẹ̀ nínú ooru yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Àbdùlkàrímù oníbọn ń kógbá sílé lónìí.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìlọrin, ẹsẹ̀ la fi ń ti Èkó bọ̀, tàwa tàpótí. Ìbọn ìléwọ́ oníhò mẹ́fà ló ń wà nínú àpótí náà, àwọn Òyìnbó kan ló rọ ọ́ ní àfarawé ti àwọn ọ̀gágun wọn. Kò wọ́n, ó sì ń dán. Ta ni kò ní fẹ́ jọ ọ̀gágun? Garba, ọ̀rẹ́ mi tó jókòó yìí, ló kọ́ mi pé lẹ́yìn tí a bá ti ki ẹ̀tù àti ọta, òrí la fi ń dí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, kí iná ọ̀kan má baà ran èkejì. Ó ní bó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí n po ìda oyin mọ́ ọn, torí oòrùn a máa yọ́ òrí. Garba, o kọ́ mi dáadáa.

Àbdùlsàlámì, àgbẹ̀ Òkè-Oyì, wá ra ọ̀kan lọ́sàn-án ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ó ní, "Bàbá, ṣé òrí yìí ò níí yọ́?" Ìda oyin ti tán nílé, n kò sì fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo ní kò níí yọ́. Kò tíì délé tí ajá dìgbòlugi kan fi kò ó lójú. Ẹ̀ẹ̀kan ló yìn ín, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì dún pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Gbogbo ayé ní àmúwá Ọlọ́run ni, mo sì bá wọn sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ẹnìkan a máa bi mí ní ìbéèrè yẹn lẹ́yìn etí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí oníbàárà tí kò fẹ́ yọ ọlọ́jà lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó ìsọ̀ kúrò. Ó mọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Ràúdátù, ìyàwó Àbdùlsàlámì, ẹ̀yin lẹ wà níwájú mi yìí. Irọ́ mi ló pa ọkọ yín. Ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin tí ẹ óò gba ìsọ̀ mi, ẹ má ta àpótí ìbọn tó dé lánàá.

Kí Ọlọ́run dá gbogbo yín sí. Kí ọjà yín tà láìparọ́. Kí Ó kẹ́ Àbdùlsàlámì, kí Ó sì foríjì mí.

Mo gbọ́ àmín yín. Ràúdátù, mo rí i pé ẹ ò lanu. N kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe àmín lẹ́yìn mi yìí? Ògiri ni mo fẹ̀yìn tì.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè. Àbdùlsàlámì, ìwọ náà, o ṣé.