Onífèrè Inú Sinimá Kì Í Ṣe Lásísì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ pípẹ́. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sì sọ ọ́ fún àlùfáà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, àwọn ẹbí kan láti Ìfọ́n ń bọ̀ wá bi mí nípa ohun tí mo sọ nígbà kan, èsì tí mo bá sì fún wọn ni wọ́n máa fi pinnu ayé obìnrin kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọmọ Ìlọ́bù ni mí, tíṣà sì ni mí. Nígbà yẹn, bí ọkọ̀ sinimá ìjọba bá wá sí agbègbè wa, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n dúró ti gbohùngbohùn, kí n máa túmọ̀ èdè òyìnbó sí Yorùbá. Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Bí wọ́n ṣe ń fín oògùn sí kòkó ni o, bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ ni o, bébà kan máa ń bá fíìmù wá tí àlàyé gbogbo wà nínú rẹ̀. Èmi náà á wá fi iyọ̀ tèmi díẹ̀ sí i. Wọ́n ń pè mí ní Tíṣà Sinimá, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí a lọ sí Ìfọ́n, wọ́n ta aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Lẹ́yìn fíìmù kòkó, dẹ́rẹ́bà fi òmíràn sí i tí kò ní bébà kankan. Fíìmù Amẹ́ríkà ni, orin jáàsì ló kún inú rẹ̀. Ọkùnrin dúdú kan ń fọn fèrè onírin. Ó sùn lọ, fèrè náà kò sì dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí omi. Ilé dojú dé, àwọn èèyàn ń jó lórí àjà. Arúgbó kan dìde nínú pósí, ó jó wọnú òjò lọ. Kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀, àfi fèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ túmọ̀ níbẹ̀? Lónìí mo mọ̀ pé àlá ni wọ́n ń yà, pé orin yẹn gan-an ló ń rọ́ ìtàn náà. Lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ nǹkan kan, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀, pàápàá ní Ìfọ́n. Ẹ mọ bí ìjà ilẹ̀ ṣe wà láàárín wọn àti àwa ará Ìlọ́bù. N kò fẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Ni mo bá ń hun irọ́. Mo ní ìdálẹ̀ ni ọkùnrin yìí wà, pé fèrè ló fi ń ránṣẹ́ sílé, pé ó ti ń sọdá òkun bọ̀.

Ìyá kan dìde. Ìyá Lásísì ni wọ́n ń pè é, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Lásísì ọmọ rẹ̀ lọ ṣòwò ní Kùmásì bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣe ń lọ, ó fi ìyàwó rẹ̀, Sàfúrátù, sílẹ̀ nílé, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹbí ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti kú. Ìyá na ọwọ́ sí aṣọ funfun, ó ní, "Lásísì mi nìyẹn. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun kọ́ ni?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní, "Òun ni, ìyá. Ó wà láàyè. Ó ń bọ̀."

Wọ́n hó yèè. Lọ́jọ́ kejì ìyá gbé adìẹ kan wá fún mi ní Ìlọ́bù. Mo gbà á. A sè é, a jẹ ẹ́, ó sì dùn, kí n má tún parọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Kò tán. Àbúrò Lásísì fẹ́ ṣú Sàfúrátù lópó, ìyá kọ̀, ó ní a kì í ṣú opó ẹni tó wà láàyè. Télọ̀ kan wá láti Ẹ̀rìn pé òun fẹ́ fi Sàfúrátù ṣe aya, ọmọlúàbí èèyàn, ìyá lé e. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ Sàfúrátù ti ń rán ọmọ níṣẹ́, òun ṣì ń gbálẹ̀ yàrá ọkọ tí kò sí nílé. Bí ó bá pàdé mi lọ́nà ọjà, á kúnlẹ̀ kí mi, èmi á máa wo ilẹ̀.

Ní báyìí, télọ̀ náà ti padà wá. Ìmáàmù àdúgbò wọn bá wọn dá sí i, ìyá sì gbà. Ó ní bí Tíṣà Sinimá bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kì í ṣe Lásísì, kí Sàfúrátù máa lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Sàfúrátù wá bá mi nílé. Kó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́, mo ní irọ́ ni mo pa. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, "Tíṣà, mo mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ń hó, èmi ń wo ìka onífèrè. Ó pé. Àdá ti gé ìka kan lọ́wọ́ Lásísì kí n tó wọlé wọn."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́. Ó ní fíìmù ti lọ, òun kò ní ẹlẹ́rìí, bí òun bá sì la ẹnu, wọ́n á ní ọkọ tuntun lòun ń wá. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ni mo ti ń dúró dè látọjọ́ yìí. Kì í ṣe Lásísì."

Ẹ jọ̀ọ́, mo máa sọ òtítọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. N kò bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín. Ti ìyá ló ń dùn mí. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán báyìí, ó sì máa ń sọ pé fíìmù yẹn ni ohun ìkẹyìn tí òun rí kedere. Bí mo bá lọ kí i lọ́dún Iléyá, á ní kí n tún sọ fún òun bí Lásísì ṣe ń rìn lórí omi. Mo sì máa ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá nílé, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì bá mi ronú. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?