Fèrè Tí A Fi Garawa Fọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin olùdókòwò tí ẹ pè mí síwájú láti fún mi lówó ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ dá a padà sápò ná. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a; tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún méjì. Màá sọ ọ́, mi ò sì ní dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá wo ẹ̀rọ mi tó ń kìlọ̀ omíyalé. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò ti fà, ẹ ní àfi kí fèrè ẹ̀rọ náà dún létí yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, pé ọkọ̀ òfuurufú yín ò ní dúró. Ta ló ń wá omíyalé nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi bó, mi ò lè ní kí ẹ padà wá. Mo ṣẹ́jú sí ọ̀rẹ́ mi, jórinjórin tó bá mi kọ́ ẹ̀rọ náà. Ó sá sẹ́yìn ògiri, ó ń da omi garawa sínú páìpù tí omi odò máa ń gbà wọlé fọn fèrè. Fèrè dún, ẹ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ẹ lọ, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dán an wò nínú odò gan-an kójò tó dé o." Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọ́fíìsì tuntun ló wà lọ́kàn mi, èmi aláìmoore.

Àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, tí mò ń pè ní màmá, ń gbé létí odò náà. Tẹ́lẹ̀, bójò bá ti ṣú, òun àtọkọ rẹ̀ á kẹ́rù lọ sórí òkè. Láti ọjọ́ fèrè yẹn, wọ́n ń sùn fọkàn balẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ló ń ṣọ́ wa." Òjò dé. Omi garawa mọ́, omi odò gbé ẹrẹ̀ wá. Ẹrẹ̀ dí páìpù, fèrè ò dún. Orí ilẹ̀kùn tó léfòó ni wọ́n ti gbé màmá. Omi ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí ẹ rán ẹni wá wádìí, mo ní fèrè dún, etí màmá ló di. Ó wò mí, ó ní, "Bóyá ó dún lóòótọ́. Ọmọ mi kì í parọ́." Títí dòní ni wọ́n ń pariwo bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ adìẹ lẹ́yìnkùlé. Ó gbà pé etí òun ló pa ọkọ òun.

Ẹ lè pe ọlọ́pàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ tò sẹ́yìn mi láti wá gbowó tiyín, bí wọ́n bá ní kí ẹ fi omíyalé han àwọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ní kí wọ́n padà wá nígbà òjò. Olùdókòwò, mi ò bẹ̀ yín. Màmá tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni mò ń bẹ̀. Ẹ dárí jì mí, mà. Mi ò gbóhùn sókè, ẹ sì ń gbọ́ mi. Etí yín ò di. Fèrè ò dún.